Ọwọ́ Fanta ní Àràmọ̀kọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta: mi ò bóra. Mi ò bóra rí, mi ò sì ní bóra. Dúdú ni mo fẹ́ kí ara mi túbọ̀ dú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní wọ ẹlòmíì létí, nítorí gbogbo ẹni tó jókòó sábẹ́ kánópì ní Àràmọ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni mo ṣàlàyé fún, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó gbà mí gbọ́. Pásítọ̀ tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá ní òun yóò máa rántí mi nínú àdúrà.

Iṣẹ́ alága ni mò ń ṣe. Ìjèrò ni mo fi ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí lọ sí Ìpotì, Ìkòrò, Ọ̀kèmẹ̀sí, Ẹ̀fọ̀n, Erìjìyàn, ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń gbé ìyàwó. Alága ìjókòó ni mo sábà máa ń ṣe, ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ẹbí ìyàwó. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ wa ń ti Èkó àti òkè òkun wálé wá ṣe ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ wa kì í balẹ̀. Wọ́n á ta kánópì ẹbí ọkọ sápá kan, wọ́n á ta ti ẹbí ìyàwó sápá kejì, wọ́n á wá fi àárín gbalasa sílẹ̀ fún àwa alága ká máa jó, ká máa kọrin, ká máa tọrọ owó. Oòrùn àárín gbalasa yẹn kì í ṣe oòrùn kékeré. Ó ti na ojú mi, ó ti na ọrùn mi, ó ti na apá mi méjèèjì, wọ́n dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n láti ibi tí ọrùn bùbá ti pín mi sí méjì lọ sísàlẹ̀, pupa ni mí bí ìyá mi ṣe bí mi. Bùbá ń bo àṣírí yìí, kò dà mí láàmú.

Ìgbà tí télọ̀ mi rán aṣọ òkè kan fún mi, tó ṣí èjìká rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo wo dígí, ó dà bíi pé orí ẹlòmíì ni wọ́n gbé lé ọrùn mi. Òde Àràmọ̀kọ́ sì ti sún mọ́lé. Èjìká mi gbọ́dọ̀ bá ojú mi dọ́gba kí Sátidé tó dé.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú oòrùn gan-an. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kó wa lọ wo omi Ìkọ̀gòsì, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Láti àwọn ọdún 1950 tí àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà ti tún ibẹ̀ ṣe ni òyìnbó ti ń lọ ṣe fàájì níbẹ̀, ọjọ́ tí a sì lọ, mo rí méjì tí wọ́n na gbalaja sẹ́bàá omi, tí wọ́n ń yá oòrùn, tí wọ́n ń yí ara wọn padà látìgbàdégbà kó lè kárí. Mo ní ohun tí òyìnbó ṣe tí kò pa á, èmi náà lè ṣe é. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé, mo ró ìró mọ́ àyà, mo nà. Ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé èlùbọ́ ni ọ́ ni, tí o ń sá ara rẹ?" Mo pa ojú mi dé, mi ò dá a lóhùn. Ìyá Ìbejì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá ṣe é tán. Ó wo orí ògiri, ó rí mi nílẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì, ó fi igbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ìyá Tọ́pẹ́ ti ṣubú o!" Kí n tó dìde, ẹni méjì ti gbé mi lẹ́sẹ̀, ẹnìkan sì ti da omi sí mi lórí. Bí mo ṣe fi oòrùn yíyá sílẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Manchester ló yanjú rẹ̀, tàbí kí n sọ pé òun ló dá a sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń yá oòrùn mọ́? Oòrùn gan-an kò sí níbí. Inú ìgò ni wọ́n ti ń rà á." Ó fi ìgò kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Obìnrin òyìnbó kan wà lára rẹ̀ tó ń dán gbinrin, wọ́n sì kọ "Dark" gàdàgbà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun kan tún wà nínú àpò náà, fóòmù pẹlẹbẹ tó dà bí ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìka. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì. Mo gbé e sí ìdí àwo, mo ní kí ọmọ máa fi fọ ìkòkò. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ yẹn sọ́kàn.

Alẹ́ Jímọ̀ ni mo jókòó tì í. Wọ́n ti mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo gbé sórí àpótí. Mo wẹ̀, mo nu ara, mo tẹ ìpara náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa èjìká, àyà àti ẹ̀yìn dé ibi tí ọwọ́ mi dé. Ó ń ta sánsán, ó funfun, ó wọ ara. Mo dúró díẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó: kò sí àyípadà kankan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Kò sí. Mo ní àwọn òyìnbó yìí ti rẹ́ àbúrò mi jẹ. Mo tún bu òmíì, ẹ̀kúnwọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ọwọ́ méjèèjì ra á pọ̀ bí a ṣe ń ṣe òrí, mo pa á títí dé ìgúnpá. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wọlé sùn. Mi ò fọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè dùn mí dáadáa: mi ò fọ ọwọ́.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí mo ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, ó ti pẹ́ jù ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dihydroxyacetone, DHA ni ìkékúrú rẹ̀. Oríṣi ṣúgà kan ni. Kì í ṣe àwọ̀, kì í ṣe ọ̀dà, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Awọ tó wà lókè pátápátá lára wa ti kú. Lójoojúmọ́ ló ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ṣúgà yìí á wọ inú awọ òkú náà, á bá èròjà purotéènì inú rẹ̀ pàdé, àwọn méjèèjì á wá máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú kí ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n nínú ààrò, tó ń mú kí ẹran díndín yí àwọ̀ padà. Louis Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ó ń gba wákàtí bíi méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, á sì máa dúdú sí i títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó tí mo ń bú òyìnbó, iṣẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kíyè sí i kò wá ohun oge rárá. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà obìnrin kan, Eva Wittgenstein, ń tọ́jú àwọn ọmọdé kan ní ilé ìwòsàn ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà. Ó ń fún wọn ní DHA mu. Àwọn ọmọ náà a máa pọ̀ ọ́ jáde, ibi tó bá ta sí lára wọn á sì di pupa rúsúrúsú, àmọ́ aṣọ wọn kì í gbà á. Ó gbé e sára ara rẹ̀ láti dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Coppertone ti ń tà á nínú ìgò, orúkọ búburú tó sì kọ́kọ́ gbà ni pé ó ń sọ ènìyàn di ọsàn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Láti ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ni aráyé ti mọ̀ pé nǹkan yìí ń sọ ènìyàn di ọsàn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi ní Ìjèrò.

Ibi tí awọ òkú bá ti nípọn jù ló ti ń gbà á jù: ìgúnpá, orúnkún, gìgísẹ̀. Ibi tó sì nípọn jù lọ lára ọmọ ènìyàn ni àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ara mi gbẹ bí èèpo igi, ara gbígbẹ sì ń fà á mu ni. Àtẹ́lẹwọ́ tó ti di odó àti ọmọrí odó mú láti kékeré, tó le koko, ni mo fi pò ó, tí mi ò sì fọ̀.

Nígbà tí mo jí, yàrá ń rùn bisikíìtì. Mo wo èjìká mi, mo dúpẹ́: ó dúdú díẹ̀, ó ní ìlà díẹ̀ níbi tí ìka gbà, kò burú. Mo gbé ọwọ́ sókè láti fi ògo fún Ọlọ́run. Mo rí i.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Fanta ni. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe ìyeyè, kì í ṣe ti làálì tó gbayì. Fanta ponbele, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi sì dúdú gbòòrò láàárín rẹ̀, ẹni tó bá mọ àtẹ́lẹwọ́ kà ì bá ka tèmi láti Ìtawurẹ́. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Mo fi epo òyìnbó fọ̀ ọ́, mo fi iyanrìn ha á. Ó ń rẹ́rìn-ín mi. Ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó pa ẹnu dé, ó yí padà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń bá ẹnu ara rẹ̀ jà kó má bàa rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ fún alága. Olùkọ́ ní ṣọ́ọ̀kì, agbẹjọ́rò ní ìwé òfin. Alága, àtẹ́lẹwọ́ ni. Òun la fi ń gba owó ìwọlé, owó ìṣílé, owó ìyá gbọ́, owó bàbá gbọ́. Òun la fi ń pàtẹ́wọ́ sórin. Òun la fi ń fọwọ́ kan ọkọ ìyàwó lẹ́yìn tó bá dọ̀bálẹ̀ tán. Mi ò lè fi í pamọ́ sábẹ́ ìró. Ni mo bá dá ọgbọ́n: mo bu pọ́ńdà, mo fi pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dáadáa, mo gbé agolo rẹ̀ sínú báàgì, mo wọ mọ́tò lọ sí Àràmọ̀kọ́.

Alága ìdúró tó ń dúró fún ẹbí ọkọ lọ́jọ́ náà, ẹni tó mọ̀ mí dáadáa ni. Pupa ni obìnrin náà. Oṣù tó ṣáájú ni a jọ ṣe òde kan ní Ọ̀kèmẹ̀sí, tí mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èrò. Mo ní àwọn kan wà tí ojú wọn jẹ́ Fanta, tí ẹsẹ̀ wọn jẹ́ Coke, mo sì yíjú sí i. Ẹ̀fẹ̀ tí mo máa ń dá níbi gbogbo ni, ó sì máa ń mú owó wá. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín náà ló yẹ kí n bẹ̀rù.

A bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọkùnrin wọlé, a gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ka lẹ́tà. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọkọ ìyàwó lẹ́yìn jẹ́jẹ́, mo ní kó dìde. Ó dìde. Agbádá aró rẹ̀ tó dú gidi, tó náni lówó, ní àmì ọwọ́ funfun méjì lẹ́yìn, ìka mẹ́wàá pé pérépéré. Ìyá ọkọ bọ́ síwájú láti gbọ̀n ọ́n, ó wò mí lójú, kò sọ̀rọ̀. Mo rọra fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé pọ́ńdà ti tán lọ́wọ́ kan, òógùn sì ti ń fọ èkejì.

Mo ṣe gbogbo ohun tó kù pẹ̀lú ọwọ́ dídì. Mo fi ìkúùkù gba owó ìjókòó. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nawọ́ sí ẹrù ìyàwó, mo ka iṣu, mo ka orógbó, mo ka atare, oyin àti iyọ̀. Ìyàwó wọlé, ó mú Bíbélì tí wọ́n so òrùka mọ́, àwọn èèyàn hó. Mo ti rò pé mo ti bọ́. Bàbá àgbà kan láti ẹbí wa wá ní, "Alága, ẹ bá wa gbàdúrà fún wọn ná." Ẹnu tí iṣẹ́ ti kọ́ kò mọ ohun tí ọwọ́ ń fi pamọ́. Mo pariwo sínú máìkì pé kí gbogbo ẹbí na ọwọ́ sí ọkọ àti ìyàwó, èmi fúnra mi sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo là wọ́n gbàgà sí èrò.

Àwọn tó ṣe òde yìí rí já jẹ. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì sí ẹ̀gbẹ́ kánópì kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran, oníkámẹ́rà sì ti súnmọ́ mi fún àdúrà. Àtẹ́lẹwọ́ mi jáde níbẹ̀, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ lanu: "Mọ́mì, ọwọ́ Fanta!"

Ẹ ò rí i bí àdúrà ṣe ń dá dúró. Ẹni tó di ojú la ojú. Mo rí àwọn ìyá lábẹ́ kánópì wa tí wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Mo gbọ́ "ó ti bóra" láti apá ọ̀tún, mo tún gbọ́ "mo ti ń fura sí i tipẹ́" láti apá òsì. Alága ìdúró kò sáré. Ó rọra dé ọ̀dọ̀ mi, ó gba ọwọ́ mi kan, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún kí kámẹ́rà lè rí i, ó ní, "Ẹ̀yin ẹbí wa, ẹ má bínú. Wọ́n ní ojú Fanta, ẹsẹ̀ Coke ni tàwọn kan. Ti ẹ̀gbọ́n wa rè é: ojú Coke, ọwọ́ Fanta!"

Onígángan gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ mọ bí gángan ṣe rí, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè wí. Ó ń lù ú, "ọwọ́ Fanta, ọwọ́ Fanta," àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ń gbè é, wọ́n sì ń ná alága ìdúró lówó. Owó lórí ọwọ́ mi! Kò sì fún mi ní kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gba máìkì, mo ní kí n ṣàlàyé. Mo ní kì í ṣe ìbóra, mo ní ìpara tó ń mú ara dúdú láìyá oòrùn ni. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Bàbá àgbà tó ní kí n gbàdúrà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tàánútàánú, ó ní, "Dúdú wo ló tún kù?"

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e kò ní jáde kúrò létí mi. Ẹni tó bá wà ní Erio á gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n gbé iyán wá, mo ti fi ara pamọ́ sí igun. Iyán Àràmọ̀kọ́, ó funfun, ó kúnná, ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé omi fún wa fọ ọwọ́ mi, ó wò ó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, epo ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un fọ̀." Mo tún un fọ̀. Ó pààrọ̀ omi, ó mú ọṣẹ mìíràn wá. Nígbà tó yá, ó pe ìyá rẹ̀ wá wò ó. Mo bu òkèlè àkọ́kọ́, àwọn tó jókòó tì mí sì fà sẹ́yìn díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀ fún mi rè é. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fà mí sẹ́yìn ilé lẹ́yìn oúnjẹ. Mo rò pé ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní kí n júwe ẹni tó ń po ìpara fún mi, nítorí tòun ti ń fi àmì dúdú sí oríkèé ìka, òun sì fẹ́ pààrọ̀ onípòópò. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọmọ náà ti pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ sì dúdú. Ó ti ń pa á fún ọmọ. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìtìjú mi. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti sọ ọ́ títí nípa hydroquinone àti mercury inú àwọn ìpara yìí. Mercury a máa ba kíndìnrín jẹ́. Síbẹ̀ nínú ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, wọ́n ń pò ó nínú ike fún ẹnikẹ́ni tó bá mówó wá, kò sẹ́ni tó ń fi onípòópò ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó ń lu gángan sí i. Ọwọ́ tèmi tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Mo bú obìnrin náà. Ohun tí mo sọ fún un kò ṣeé kọ síbí. Mi ò tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Ẹ̀fọ̀n, sọ́dọ̀ ìyá mi, kí n lè sá fún Ìjèrò. Ìyá mi kò tíì gbọ́, tàbí kí n sọ pé ó ṣe bí ẹni tí kò tíì gbọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sí ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Àṣé àwọn òyìnbó náà ní bùjé." Ó jókòó, ó sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí àwọn wà ní ọmọge, èso bùjé ni wọ́n ń fún lómi, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ọ́ sí apá, sí ẹsẹ̀, sí ikùn. Lálẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò ní hàn rárá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ti dúdú bí aró, omi kan kì í sì í fọ̀ ọ́ àfi kí awọ fúnra rẹ̀ ṣí kúrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń sọ pé fáàrí inábùjé kì í pẹ́ títí. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kì í fi bá àtẹ́lẹwọ́. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Igi la fi ń tọ ọ́," ó ní. "Ta ló ń fi ọwọ́ pò ó?"

Fídíò náà ti dé Manchester kí n tó padà délé. Àbúrò mi pè, ó ti rẹ́rìn-ín débi pé ohùn rẹ̀ ti há. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbọ̀wọ́ tí mo fi sí i ńkọ́?" Mo wo ìdí àwo. Ìkòkò ọbẹ̀ ti ń dán.

Àwọ̀ náà ṣí kúrò ní èjìká láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí wọ́n ṣe wí. Ti àtẹ́lẹwọ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ṣí ní àbàwọ́n, kò sì bójú mu ní òde méjì tí mo tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ààbò oòrùn kò sì sí nínú rẹ̀ rárá o: ara tí DHA bá sọ di dúdú, oòrùn ṣì ń jó o bó ṣe ń jó o tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì di dandan fún yín, ẹ fọ ara, ẹ ha awọ òkú kúrò, ẹ fi òrí díẹ̀ sí ìgúnpá àti orúnkún kí ó má bàa gbà jù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Ìgò náà ṣì wà nílé mi ní Ìjèrò, ó kù ju ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbọ̀wọ́ nìkan ni mi ò ní fi sílẹ̀, ó fọ ìkòkò ju kànìnkànìn lọ.